Ọ̀tá Tó Ní Kọ́kọ́rọ́ Lọ́wọ́

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ ọdún 2014, nílé-iṣẹ́ iná núkílíà Doel tó wà lẹ́bàá ìlú Antwerp ní Bẹ́ljíọ̀mù, ẹnì kan ṣí fáàfù kan. Iṣẹ́ fáàfù náà ni láti tètè da ọ́ìlì inú tọ́báìnì sínú táńkì abẹ́ ilẹ̀ bí iná bá sọ, kí ọ́ìlì má baà mú kí iná ràn sí i. Ṣùgbọ́n kò sí iná lọ́jọ́ náà. Láàárín nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí, ọ́ìlì tó tó 65,000 lítà ti ṣàn lọ. Tọ́báìnì ńlá tó ń yí lọ́wọ́ kò rí ohun tí yóò mú irin rẹ̀ yọ̀ mọ́. Irin ń ha irin, ó gbóná kọjá ààlà, ó sì bàjẹ́. Ríákítọ̀ Doel 4 pa ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ pé kó máa ṣe, kò sì padà ṣiṣẹ́ títí di oṣù Kejìlá ọdún náà. Ìtànṣán olóró kò jáde, ẹnikẹ́ni kò kú. Nígbà tí àwọn aláṣẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò, ibi tí gbogbo rẹ̀ já sí ni pé kì í ṣe àlejò ló ṣe é. Ẹni tó ní àṣẹ àtiwọlé, tó mọ fáàfù tí yóò ṣí àti ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Títí dòní, a kò tíì mọ ẹni náà.

Bí a bá dárúkọ ààbò ilé-iṣẹ́ núkílíà, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni odi gíga, wáyà ẹlẹ́gùn-ún, kámẹ́rà àti ẹ̀ṣọ́ tó gbé ìbọn dání. Gbogbo ìwọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n nítorí ẹni tó ń bọ̀ láti ìta ni wọ́n ṣe wà níbẹ̀. Àwọn àgbà sì ti wí pé bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Àjọ Àgbáyé fún Agbára Átọ́míìkì, IAEA, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Vienna, ka nǹkan mẹ́ta sílẹ̀ tí ẹni inú ilé fi yàtọ̀ sí ẹni tó fo odi wọlé: ó lè dé ibi tí nǹkan wà, ó ní àṣẹ lórí iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀, ó sì mọ bí ilé ṣe rí àti bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní ohun tó fẹ́ fi odi ṣe. Èyí ló mú kí n máa wí pé ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn pé ta ni ẹni burúkú láàárín wa, kì í ṣe ìbéèrè tó yẹ kó ṣíwájú. Kò sí àyẹ̀wò tó lè rí inú ọmọ èèyàn dé ibi tí a ó fi gbogbo ilé lé e lọ́wọ́. Ààbò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni èyí tó pín iṣẹ́ lọ́nà tí ẹnì kan ṣoṣo, bó ti wù kó jẹ́ ẹni ire tó, kò ní lè dá dé ibi tó ti lè ba ilé jẹ́ láìsí ojú ẹlòmíràn níbẹ̀.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ wà lọ́dọ̀ àwọn tó ti ṣe é rí. Ní 1982, nígbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣì wà lórí oyè ní Gúúsù Áfíríkà, ilé-iṣẹ́ iná núkílíà Koeberg ti ń sún mọ́ ìparí kíkọ́, ní nǹkan bí 30 kìlómítà sí àríwá Cape Town. Rodney Wilkinson, ọkùnrin kan tó ti gba ipò kìíní ní orílẹ̀-èdè náà nínú eré fífi idà jà, ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ jí àwòrán ilé-iṣẹ́ náà, ó gbé e lọ sí Zimbabwe fún ẹgbẹ́ ANC tó ń bá ìjọba náà jà. Nígbà tí wọ́n rí i pé ojúlówó ni, wọ́n ní kí òun fúnra rẹ̀ padà lọ fi bọ́ǹbù ba ibẹ̀ jẹ́. Ó padà, ilé-iṣẹ́ sì tún gbà á. Ó kó bọ́ǹbù mẹ́rin wọlé, ó tọ́jú wọn sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó fi wọ́n síbi tó fẹ́ nígbà tí àkókò tó, ó sì ti kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó bú ní oṣù Kejìlá. Wọn kò tíì kó yùréníọ̀mù sínú ríákítọ̀ nígbà náà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yan àsìkò yẹn ni, kí ìtànṣán má baà ṣe aráàlú ní jàǹbá. Ẹnikẹ́ni kò kú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ Koeberg fà sẹ́yìn ní nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀. Ìjà òmìnira ni ANC pe èyí, ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà kò sì ní bá wọn jiyàn. Síbẹ̀, ẹni tó ń ṣètò ààbò kò lè fi bí ìjà ṣe tọ́ sí ṣe òṣùwọ̀n. Ọ̀nà tí ẹni tó jà fún ẹ̀tọ́ gbà wọlé ṣì wà ní gbangba fún ẹni tó fẹ́ pa ìlú run.

Àwọn yòókù kò jọ Wilkinson rárá. Ọdún mẹ́ta ṣáájú, ní 1979, nílé-iṣẹ́ Surry ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ méjì da kọ́sítíìkì sódà, èyí tí àwọn tó ń se ọṣẹ mọ̀ bí ẹni mowó, sórí ìdì ọ̀pá yùréníọ̀mù tuntun 62. Àlàyé wọn ni pé àwọn fẹ́ fi han aráyé bí ààbò ibẹ̀ ṣe rọ̀ tó. Ilé ẹjọ́ kò gbọ́ ìyẹn, ó dá wọn lẹ́bi. Ní Rọ́ṣíà ní 1992, ẹnjiníà kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ nílé-iṣẹ́ Luch ní Podolsk, lẹ́bàá Moscow, ń bu yùréníọ̀mù tó lágbára dé ìwọ̀n tí a fi ń ṣe bọ́ǹbù lọ sílé, díẹ̀ díẹ̀. Ó mọ̀ pé ìwé àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ fàyè sílẹ̀ fún ìwọ̀nba tó máa ń ṣòfò lẹ́nu iṣẹ́, kò sì bu ju ohun tí ìwé náà kò ní bèèrè. Láàárín oṣù mélòó kan, ohun tó kó ti tó kìlógíráàmù kan ààbọ̀, ó wà nílé rẹ̀ lórí báńkóníì. Ohun tó fẹ́ fi owó rẹ̀ rà ni fíríìjì àti sítóòfù. Ilé-iṣẹ́ náà kò mọ̀ pé nǹkan kan sọnù. Àwọn tó jí bátìrì ni ọlọ́pàá ń lé nígbà tó kó sí wọn lọ́wọ́ ní ibùdókọ̀ rélùwéè. Ní Kaiga, ìpínlẹ̀ Karnataka ní Íńdíà, lóṣù Kọkànlá 2009, ẹnì kan da omi tó ní tríṣíọ̀mù, èròjà tó ń tan ìtànṣán, sínú ẹ̀rọ omi tútù tí àwọn òṣìṣẹ́ ń mu. Ó lé ní àádọ́ta èèyàn tó mu nínú rẹ̀. Àyẹ̀wò ìtọ̀ tí wọ́n máa ń ṣe fún òṣìṣẹ́ látìgbàdégbà ló tú àṣírí náà, àwọn aláṣẹ sì gbà pé ará ilé ló wà nídìí rẹ̀.

Ẹ tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ wò wọ́n. Ọ̀kan ń jà fún òmìnira, àwọn méjì ní àwọn ń ṣàtúnṣe, ọ̀kan ń wá owó fíríìjì, èyí tó ṣe ti Kaiga àti èyí tó ṣe ti Doel kò tilẹ̀ fojú hàn débi tí a ó fi mọ ohun tó ń bí wọn nínú. Ẹni tó bá fẹ́ fi irú ojú tí wọ́n ní, ẹ̀sìn tí wọ́n ń ṣe tàbí ọjọ́ orí wọn ya àwòrán ọ̀dàlẹ̀ kí ó lè máa ṣọ́ ẹni tó bá jọ ọ́, yóò ya àwòrán tí kò ní bá ìdajì wọn mu. Nǹkan kan péré ló so gbogbo wọn pọ̀: olúkúlùkù rí àyè débi ohun pàtàkì láìsí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wo ohun tó ń ṣe ní wákàtí náà, tàbí ìwé tó lè sọ lọ́jọ́ kejì pé nǹkan ti yẹ̀. Ohun tó ń mú èèyàn hùwà pọ̀ kọjá kíkà, ṣùgbọ́n àyè tó fi ń hùwà ṣeé kà, ó ṣeé dí. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ààbò ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀.

Èyí kò ní kí á ṣíwọ́ àyẹ̀wò ẹnu ọ̀nà. Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òfin wọn lórí rẹ̀ kún rẹ́rẹ́. Kí òṣìṣẹ́ tó lè máa dá rìn níbi tó gba ìṣọ́ra nílé-iṣẹ́ iná núkílíà níbẹ̀, wọ́n á gba àmì ìka ọwọ́ rẹ̀ láti mọ̀ bó bá ti dẹ́ṣẹ̀ rí, wọ́n á wádìí ibi tó ti ṣiṣẹ́ kọjá, wọ́n á wo bó ṣe ń san gbèsè rẹ̀, wọ́n á sì yẹ ọpọlọ àti ìwà rẹ̀ wò. Lẹ́yìn tó bá wọlé, wọ́n lè pè é láìròtẹ́lẹ̀ fún àyẹ̀wò ọtí àti oògùn olóró. Lọ́dọọdún, iye àyẹ̀wò òjijì yìí gbọ́dọ̀ tó ìdajì iye òṣìṣẹ́. Bí ọlọ́pàá bá mú un fún ohunkóhun, dandan ni kó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ilé-iṣẹ́. Kò ju ọdún márùn-ún lọ tí wọn yóò tún fi yẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò, ti àwọn tí iṣẹ́ wọn lágbára jù kò sì ju ọdún mẹ́ta lọ. Asẹ́ tó dára ni èyí. Oníjìbìtì, ọ̀mùtí àti ẹni tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn kò ní tètè rí ojú rẹ̀ kọjá.

Àmọ́ ohun tí asẹ́ rí kò ju ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kọjá lọ. Ní Doel kan náà, nígbà tí wọ́n ń wádìí ọ̀rọ̀ fáàfù yẹn, wọ́n rí i pé ọkùnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí fún agbaṣẹ́ṣe, tó ń yẹ ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ wò, ti lọ jagun ní Síríà pẹ̀lú àwọn agbẹ́sùnmọ̀mí. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní 2009, kò sí àléébù. Ó ṣiṣẹ́ títí di 2012, ó sì gbéra lọ sójú ogun lọ́dún náà. Kò sí ẹ̀rí pé ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2014, ó ti kúrò nílé-iṣẹ́ náà tipẹ́ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí ìtàn rẹ̀ kọ́ wa ni pé ẹni tí ìwé sọ pé ó mọ́ lọ́dún 2009 lè ti di ẹlòmíràn ní 2012, kí ẹnikẹ́ni tó tún ṣí fáìlì rẹ̀. Ikú, ìkọ̀sílẹ̀, gbèsè, ìwàásù, ìbínú sí ọ̀gá, gbogbo wọn lè yí èèyàn padà láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ tún rántí pé òṣìṣẹ́ títí lọ nìkan kọ́ ló ń wọ ilé-iṣẹ́ iná núkílíà. Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, ní gbogbo nǹkan bí ọdún kan sí méjì, wọn a pa ríákítọ̀ láti pààrọ̀ yùréníọ̀mù inú rẹ̀, àwọn tó sì máa ń wọlé wá ṣe àtúnṣe nígbà náà lè tó ẹgbẹ̀rún kan: ajórin, akunlé, atẹ́wáyà, agbálẹ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń lò, wọn a sì kọjá sí ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ta ló máa mọ ìwà wọn dunjú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan?

Nítorí náà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń fi ẹni-méjì sẹ́nu iṣẹ́ níbi tó gbẹgẹ́. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Níhìn-ín, wọ́n ṣètò rẹ̀ kí ọwọ́ kan má lè gbé e ni. Níbi tí òfin yìí bá wà, ìlẹ̀kùn kò ní ṣí àyàfi bí káàdì èèyàn méjì bá kàn án. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ máa rí ara wọn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wà nínú yàrá, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ náà dé ibi tí ọ̀kan yóò fi lè dá a mọ̀ bí èkejì bá fọwọ́ kan ohun tí kò yẹ. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni àwọn èèyàn máa ń fojú fò. Bí a bá mú ẹ̀ṣọ́ tí kò mọ fáàfù yàtọ̀ sí páìpù tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnjiníà, ẹni-méjì wà lórí ìwé, ẹnì kan ló wà nínú yàrá. Wọ́n tún máa ń ya iṣẹ́ sọ́tọ̀: ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe kì í ṣe òun náà ni yóò fọwọ́ sí i pé ó ti dára, ẹni tó ń ṣàkóso kọ̀ǹpútà kò ní àṣẹ láti dá yí ètò inú rẹ̀ padà, ẹni tó mọ ibi tí gbogbo kọ́kọ́rọ́ wà kò ní àṣẹ láti lò wọ́n. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ 2014, Doel náà fi kún kámẹ́rà rẹ̀, ó sì sọ ọ́ di òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá wọ àwọn apá kan mọ́. Ní 2016, ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù kó ṣọ́jà sí àwọn ilé-iṣẹ́ iná núkílíà rẹ̀, ẹ̀rù agbẹ́sùnmọ̀mí sì fi hàn pé ó nídìí. Ṣùgbọ́n bí ṣọ́jà bá wà lẹ́nu ọ̀nà Doel lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí fáàfù yẹn, kíkí ni yóò kí ẹni tó ṣí i kú iṣẹ́.

Apá kejì ètò náà ni kí ìwé máa sọ òótọ́, kí ohun tó lè fani mọ́ra sì dín kù. Bí ìwé àkọsílẹ̀ Podolsk bá ti wọn yùréníọ̀mù dé ìwọ̀n kínńkínní, tí wọ́n sì ń fi ti òní wé ti àná, bíbù ẹnjiníà yẹn kò ní pẹ́ kó tó hàn. Dídín ohun tó fani mọ́ra kù sì ní àpẹẹrẹ nílé wa níhìn-ín. Ríákítọ̀ kékeré fún ìwádìí wà ní Fásitì Ahmadu Bello ní Zaria láti 2004, NIRR-1 ni wọ́n ń pè é. Agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí 30 kìlówáàtì lọ, kò lè tan iná fún àdúgbò ńlá kan, ṣùgbọ́n yùréníọ̀mù tí wọ́n kọ́kọ́ fi sínú rẹ̀ jẹ́ irú tó lágbára gan-an, irú èyí tí àwọn tó ń wá bọ́ǹbù ń wá. Ní 2018, wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n fi èyí tí agbára rẹ̀ kò tó ìyẹn rọ́pò, wọ́n sì kó ti tẹ́lẹ̀ padà sí Ṣáínà tó ti wá. Iṣẹ́ ìwádìí ń lọ bó ṣe ń lọ. Kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn kan òṣìṣẹ́ Zaria kankan kí wọ́n tó ṣe é, kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni mọ inú wọn. Ohun tí kò sí níbẹ̀, ẹni ire kò lè ṣì í lò, ẹni ibi kò sì lè jí i.

Apá kẹta ni ojú àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́. Kò sí kámẹ́rà tó lè mọ̀ pé ẹnì kan kì í jẹun pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́, pé ó ń bèèrè ohun tí kò kan iṣẹ́ rẹ̀, pé ó ń dúró pẹ́ lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti lọ, àbí pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ayé sú. Àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ ló máa ń rí i. Ìdí nìyí tí òfin Amẹ́ríkà fi ní kí wọ́n kọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ láti máa fiyè sí ìwà ara wọn, kí wọ́n sì sọ ohun tó bá yẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé rírí kì í ṣe sísọ. Èèyàn kì í fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ẹlẹ́nu méjì. Ẹlòmíràn á ní bóyá òun ló ṣì í rí. Ẹlòmíràn á ní ọ̀gá ti mọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ì bá ti sọ̀rọ̀. Ibi tí sísọ ọ̀rọ̀ bá ti túmọ̀ sí pé wọ́n á lé ẹnìkejì lọ́la, gbogbo ènìyàn á panu mọ́. Ibi tó bá sì túmọ̀ sí pé wọ́n á pè é, wọ́n á béèrè ohun tó ń ṣe é, wọ́n á gbé e kúrò níbi tó gbẹgẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ara rẹ̀ lè balẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á sọ̀rọ̀ ní kùtùkùtù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀rọ̀ náà á sì já sí ọ̀rọ̀ ilé tàbí ọ̀rọ̀ owó, tí ewu kankan kò ní sí nínú rẹ̀.

Àtakò àkọ́kọ́ tí gbogbo èyí máa ń bá pàdé ni pé ó jẹ́ ìwọ̀sí. Ẹni tó ti fi ogún ọdún sin ilé-iṣẹ́, kí ni wọ́n ń ṣọ́ ọ sí? Mo mọ bó ṣe ń dun èèyàn, ṣùgbọ́n ìwọ̀sí ńbẹ nígbà tí wọ́n bá yan ẹnì kan tàbí ìran kan sọ́tọ̀ fún ìṣọ́ ni. Nínú ẹgbẹ́ wa, àpótí owó máa ń ní ju kọ́kọ́rọ́ kan lọ, akápò kan kì í sì í dá gbowó jáde ní báǹkì láìsí pé alága fọwọ́ sí i. Kò sí akápò tó gbọ́n tó ń bínú sí ìyẹn, nítorí pé lọ́jọ́ tí owó bá dín, kọ́kọ́rọ́ kejì ló máa gbà á lọ́wọ́ ẹ̀sùn. Ẹ wo Doel. Gbogbo òṣìṣẹ́ tó lè dé ibi fáàfù yẹn lọ́jọ́ náà ni ìfura ṣú bò, ẹni tó mọ́ àti ẹni tí kò mọ́, ìfura náà kò sì kúrò lára wọn nítorí a kò rí ẹni tó ṣe é. Bí òfin ẹni-méjì bá ti wà níbẹ̀ ṣáájú, àwọn olóòótọ́ inú wọn ni ì bá kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀.

Àwọn kan á ní ẹni-méjì lè gbìmọ̀ pọ̀ kí wọ́n jọ ṣe é. Òótọ́ ni, Surry jẹ́rìí sí i: àwọn méjì ni. N kò ní fi àtakò yìí ṣeré, nítorí òun ló fi hàn pé òfin ẹni-méjì nìkan kò tó. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń sọ ọ̀nà náà di ọ̀nà líle. Ẹni tó bá dá ń ro ibi kò ní láti sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó nílò ìkejì gbọ́dọ̀ la ẹnu, ibi tó bá sì ti la ẹnu ni àṣírí rẹ̀ ti lè tú. Bí ilé-iṣẹ́ bá ń pààrọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí yóò bá ṣiṣẹ́ lọ́la, tí àwọn méjèèjì sì wá láti ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, gbígbìmọ̀ pọ̀ á tún le sí i. Ààbò kankan kò sí tó sọ ìwà ibi di ohun tí kò ṣeé ṣe rárá. Èyí tó bá fi kún iye èèyàn tó gbọ́dọ̀ mọ̀ àti iye ìgbà tí wọ́n lè mú ẹni náà, ó ti ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní owó rẹ̀ pọ̀, pé ríákítọ̀ fúnra rẹ̀ sì lágbára tó. Ṣebí ti Doel pa ara rẹ̀ láìsí ewu? Ní ti owó, ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí: agbára Doel 4 tó nǹkan bí 1,000 mẹ́gáwáàtì. Gbogbo iná tí Nàìjíríà ń rí lórí gíríìdì lọ́jọ́ púpọ̀ kò ju 4,000 sí 5,000 lọ. Iná tó tó ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún ti orílẹ̀-èdè wa ni fáàfù kan pa fún oṣù mẹ́rin ó lé. Owó oṣù ẹni kejì nínú yàrá kan kò lè sún mọ́ ìyẹn. Ní ti agbára ríákítọ̀, àwọn ẹnjiníà ṣètò rẹ̀ kó lè fara da ẹ̀rọ tó dédé bàjẹ́, ẹ̀rọ tó dédé bàjẹ́ kò sì ní èrò. Ní Fukushima ní 2011, ìgbì òkun ló gba iná lọ́wọ́ àwọn ẹ̀rọ tó ń tu ríákítọ̀ lára, ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ wá sì kọjá ohun tí ìṣirò wọn múra sílẹ̀ fún. Ìgbì òkun kò mọ ibi tó dára jù láti kọlu. Ẹni inú ilé mọ̀ ọ́n. Kò bọ́gbọ́n mu kí a máa fi ìṣirò tí a ṣe fún àgbákò dá ara wa lójú nípa ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀.

Àtakò kan wà tí mo gbà dé àyè kan: pé òfin ẹni-méjì, bí wọ́n bá lò ó níbi gbogbo, á dí iṣẹ́ lọ́wọ́, ó sì lè bí ewu mìíràn. Ìtàn ọkọ̀ òfuurufú kọ́ wa ní èyí. Lẹ́yìn ìkọlù 2001 ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi irin le ìlẹ̀kùn yàrá awakọ̀ kí agbẹ́sùnmọ̀mí má lè já a. Ní oṣù Kẹta 2015, igbákejì awakọ̀ ọkọ̀ Germanwings tó ń ti Barcelona lọ sí Düsseldorf fi ìlẹ̀kùn líle yẹn ti ọ̀gá rẹ̀ mọ́ ìta, ó sì fi ọkọ̀ náà kọlu òkè. Èèyàn 150 ló kú. Ohun tí wọ́n fi dí ẹni ìta lọ́nà ni ẹni inú ilé fi ṣe apata. Kíá ni àjọ tó ń bójú tó ìrìn òfuurufú ní Yúróòpù gba àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú nímọ̀ràn pé kí èèyàn méjì máa wà nínú yàrá awakọ̀ ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n lọ́dún kejì ó tú ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wo èyí tó bá a mu, nítorí pé mímú ẹlòmíràn wọ yàrá náà àti ṣíṣí ìlẹ̀kùn léraléra ní ewu tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí a fi òfin náà síbi tó yẹ. Nínú ilé-iṣẹ́ iná núkílíà, kì í ṣe yàrá gbogbo ló lè fa jàǹbá. Kí àwọn tó mọ ẹ̀rọ jókòó, kí wọ́n sàmì sí ibi tí àṣìṣe tàbí ìkà kan ti lè dé ọ̀dọ̀ aráàlú, kí wọ́n fún ibẹ̀ ní ojú méjì, kí wọ́n sì fi àwọn tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì sílẹ̀ kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ.

Èyí tó kẹ́yìn ni ti àwọn tó ń bẹ̀rù pé irú ìṣọ́ báyìí á di ọ̀nà láti fìyà jẹ ẹlẹ́sìn kan tàbí ẹ̀yà kan. Ẹ̀rù wọn nídìí. Ó ti ṣẹlẹ̀ níbi púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ padà sórí àwọn tí a tò sílẹ̀: Wilkinson jẹ́ aláwọ̀ funfun lábẹ́ ìjọba àwọn aláwọ̀ funfun, awọ ara rẹ̀ gan-an ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura sí i, ẹnjiníà Podolsk jẹ́ òṣìṣẹ́ àtàtà tó ti pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀yà ṣọ́ èèyàn á ṣọ́ aláìṣẹ̀, á sì kí ẹlẹ́ṣẹ̀ káàbọ̀. Ìṣètò tó kan gbogbo ènìyàn bákan náà, látorí ọ̀gá àgbà dórí kọngílá, ló dára fún ààbò, òun náà ló sì dára fún ẹ̀tọ́. Bákan náà ni ìtọ́jú òṣìṣẹ́ jẹ́ ara ààbò. Ẹnjiníà tó ń bu yùréníọ̀mù nítorí fíríìjì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tí owó oṣù ní Rọ́ṣíà kò lè ra nǹkan mọ́. A kò dá a láre, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó fi irú ohun bẹ́ẹ̀ sí ìkáwọ́ ẹni tí owó rẹ̀ kò tó jẹun ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe ìdánwò wọlé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Nàìjíríà ti bá Rọ́ṣíà tọwọ́ bọ̀wé lórí kíkọ́ ilé-iṣẹ́ iná núkílíà, àwọn ibi tí wọ́n sì ti ń dárúkọ tipẹ́ ni Geregu ní ìpínlẹ̀ Kogi àti Itu ní Akwa Ibom. Bí ọjọ́ náà bá dé, àwọn aráàlú á máa bèèrè bí odi yóò ṣe ga tó àti iye ṣọ́jà tí yóò wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn aláṣẹ á sì dùn láti dáhùn, nítorí odi àti ṣọ́jà ṣeé yà ní fọ́tò. Ìbéèrè tó yẹ kí àjọ NNRA tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ núkílíà nílẹ̀ wa béèrè kí wọ́n tó buwọ́ lùwé kò ṣeé yà ní fọ́tò. Yàrá wo ni ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ dá wọ̀, ta ló sì pinnu rẹ̀? Bí ọmọ ọ̀gá tàbí ẹni tí olóṣèlú fi lẹ́tà rán wá bá kùnà àyẹ̀wò, ta ni yóò ní kó padà sílé? Agbálẹ̀ tó bá rí i pé ẹnjiníà àgbà ń hùwà tó yẹ̀, ọ̀dọ̀ ta ni yóò lọ, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn tó bá sọ̀rọ̀? Owó oṣù yóò ha máa wọlé lásìkò? Ilé-iṣẹ́ tí kò bá ní ìdáhùn sí ìwọ̀nyí, kò tíì yẹ kí wọ́n kó yùréníọ̀mù wọ inú rẹ̀, bó ti wù kí odi rẹ̀ ga tó.